Ògiri Táyà Tí Kò Mì

Ẹ má bá mi sọ ọ̀rọ̀ sùúrù, Bọ̀dá Adéògún, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má bá mi sọ ọ́! Sùúrù wo ló tún kù tí mi ò tíì ní? Ọmọ mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ní Torino láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, irin ni wọ́n fi de egungun ìbàdí rẹ̀ pọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà nínú irin, ẹ wá rọra wọlé ní ọ̀sán Fúráìdè, ẹ jókòó sórí àga mi, ẹ gbé páálí kéèkì ka iwájú mi, ẹ ní Gualtiero ní kí ẹ bá òun kí mi. Gualtiero! Ẹni tó ni pápá eré ọkọ̀ tí Tóbilọ́ba mi ti kán! Colomba ló fi ránṣẹ́, kéèkì ọdún Àjíǹde tí wọ́n ṣe bí ẹyẹlé. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí egungun ọmọ mi fọ́, kí èmi máa jẹ ẹyẹlé oníṣúgà.

Rárá, ẹ má dìde. Ẹ jókòó. Ẹ ti wá, ẹ máa gbọ́. Omi rèé nínú ife, ẹ mu ún.

Ẹ ní kí n rọra sọ̀rọ̀ torí Dádì Tóbi wà nínú yàrá? Ó ti gbọ́. Kí ló tún kù tí kò tíì gbọ́? Láńrewájú tí ẹ mọ̀ yìí, tó máa ń pa gbogbo ìjọ lẹ́rìn-ín títí wọ́n á fi máa di inú mú, kò lọ sí yáàdì táyà rẹ̀ mọ́, kò jẹun kánú, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíì ni wọ́n so mọ́ ọn. Mo bá a sọ̀rọ̀ láàárọ̀, ó ní "hẹn." Mo bá a sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án, ó ní "hẹn." Ọkùnrin tí mo fẹ́ kọ́ nìyẹn.

Ẹ sì ní kí n má bínú. Ẹ wò ó, ohun kan ṣoṣo ni mo ń bèèrè, mi ò bèèrè méjì. Ọ̀tunla Sunday ni wọ́n fẹ́ tún sá eré ní pápá yẹn, ògiri tó kán ọmọ mi sì wà níbẹ̀, ó ń dúró de ọmọ ẹlòmíì. Kí wọ́n tú u. Ó tán! Ṣé ọ̀rọ̀ yẹn le ni? Ṣé èdè Potogí ni mo fi sọ ọ́?

Ta ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ògiri yìí ná? Ṣé èmi ni? Ṣebí àwọn tó ń yẹ pápá wò ló wá, wọ́n rí kọnkéré lásán níbi kọ́nà tó burú yẹn, wọ́n ní bí Gualtiero kò bá ṣe nǹkan ààbò síwájú rẹ̀, kò ní ṣe eré ọkọ̀ kankan mọ́. Ó pe àwọn tó ń ṣe ojúlówó ògiri ààbò, èyí tí ọkọ̀ á kọlù tí á fẹ̀yìn, tí á gba agbára ọkọ̀ náà mọ́ra. Wọ́n kọ preventivo fún un, ó wo iye tí wọ́n dá lé e, ó ní owó yẹn tó ra pápá míì. Ẹ̀yin lẹ wá sọ ọ́ fún wa, níhìn-ín, lórí àga tí ẹ jókòó sí yìí, ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ẹ ní ojú ọ̀gá yín pọ́n bíi tòmátì. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ capo, olórí òṣìṣẹ́, nínú magazzino tó ń kẹ́rù sí, ẹ̀yin lẹ sọ fún un pé kó fọkàn balẹ̀, àwọn èèyàn yín ní táyà.

Òótọ́ sì ni, a ní táyà. Owó ọkọ̀ ojú omi ti gbéra sókè, kọ̀ǹténà kankan kò lọ sí Èkó fún ọ̀pọ̀ oṣù, yáàdì kún dé ẹnu géètì, àwọn ìjọba ìlú, comune, ti ń halẹ̀ pé àwọn máa bu multa, owó ìtanràn, fún wa. Inú ọkọ mi dùn. Ó ní Ọlọ́run ti ṣe é, àwọn òyìnbó á rí ògiri, àwa á rí ààyè. Ọ̀fẹ́ ló fún un! Kò gba kọ́bọ̀! Ẹ jẹ́ ẹlẹ́rìí.

Ẹ mọ iṣẹ́ táyà, ẹ má ṣe bí àlejò sí i. Èmi náà ṣe é nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Alessandria yìí, kí n tó rí iṣẹ́ badante, kí n tó di ẹni tí ń wẹ arúgbó. Àwọn òyìnbó á bọ́ táyà tó ti jẹ díẹ̀ sílẹ̀, àwa á ṣà á, á wọ kọ̀ǹténà, ó di Èkó. Ẹni tó bá ń di kọ̀ǹténà kì í fi inú táyà sílẹ̀ lófìfo, àfi tó bá fẹ́ kí wọ́n lé òun. Kékeré á wọ inú èyí tó jù ú lọ, ìyẹn á tún wọ inú ńlá, ẹ óò fi orúnkún tì í, ẹ óò fi irin gígùn gbún un wọlé títí mẹ́ta á fi di ọ̀kan, tí á le gbagidi. Ẹni tí tirẹ̀ bá le jù ni wọ́n máa ń yìn. Bẹ́ẹ̀ ni Láńrewájú ṣe ń di táyà láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ náà ni òun àtàwọn ọkùnrin ìjọ ṣe di ti ògiri yẹn ní Sátidé tí ẹ kó wọn lọ, mo sì se ìrẹsì gbé lọ bá wọn. Wọ́n ń kọrin, wọ́n ń làágùn, wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ pé ta ni tirẹ̀ rọ̀, ta ni kò jẹun wá láti ilé.

Ta ló sọ fún wọn pé òfìfo inú táyà gan-an ló ń gba ọkọ̀ là? Ẹ dá mi lóhùn! Ta ló sọ ọ́? Gualtiero tó ti ń ṣe eré ọkọ̀ kí wọ́n tó bí Tóbi, ṣé kò mọ̀ ni? Ó wá síbẹ̀ pẹ̀lú sìgá lẹ́nu, ó fi ẹsẹ̀ ta ògiri náà, ògiri kò mì. "Solido!" ló wí. "Bravi, ragazzi!" Ó ń yìn wọ́n. Ó ta á lẹ́ẹ̀kejì, kò mì. Inú gbogbo yín ń dùn pé kò mì. Wọ́n fi bẹ́líìtì rọ́bà bò ó níwájú, wọ́n kùn ún ní funfun àti pupa, àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò padà wá, wọ́n wo ìta rẹ̀, wọ́n ní ó dára. Ta ló máa ti ọwọ́ bọ inú ohun tí wọ́n ti kùn?

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ẹ gbé ọwọ́ lé e! Ẹ gbàdúrà! Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò ìrẹsì lọ́wọ́, mo gbọ́ yín. Ẹ ní ògiri Jẹ́ríkò wó, ẹ ní èyí kò ní wó láéláé, gbogbo wa ṣe àmín. Àdúrà yín gbà o, Bọ̀dá. Kò wó.

Ẹ má mi orí sí mi. Ẹ̀yin kò sí níbẹ̀. Ẹ wà ní Padova lọ́jọ́ tí Tóbi kọlù ú, ní ìpàdé àwọn alàgbà. Èmi wà níbẹ̀, mo gbé ṣíńkáfà sínú ike fún un pé tó bá parí eré á jẹun. Ẹnì kan gbá a nídìí níbi kọ́nà. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe síra wọn nìyẹn, eré wọn ni, ọkọ̀ àtijọ́ ni, wọ́n á tú àga inú rẹ̀ dànù, wọ́n á fi irin yí dẹrẹ́bà ká bí àgò. Wọ́n ti gbá a bẹ́ẹ̀ rí nítòsí Brescia, ojú mi ló ṣe, ó wọ inú táyà lọ, táyà fọ́n ká, ó jáde wá, ó ń bú ẹni tó gbá a, a jọ rẹ́rìn-ín délé. Èyí kò fọ́n ká. Mo fi Ọlọ́run tó dá mi búra, ẹyọ táyà kan kò kúrò láyè rẹ̀! Ọkọ̀ ló rún. Iwájú ọkọ̀ ló padà wọ inú wá bá ẹsẹ̀ ọmọ mi, ọ̀dà tí wọ́n fi kun ògiri yẹn kàn hó díẹ̀, bí ẹni fi èékánná ha á.

Ọmọ mi ń ké "Mamma, mamma." Ọmọkùnrin tó ti ń fá irùngbọ̀n. Àwọn tó wá fà á yọ ń fi ayùn gé irin, òyìnbó kan tí wọ́n jọ ń sá eré ti ọwọ́ bọ inú táyà kan níbi tí bẹ́líìtì ti ya, ó fà á yọ bí ẹni tí nǹkan jẹ, ó kígbe: "Ma è pieno! È tutto pieno!" Ó kún! Gbogbo rẹ̀ ló kún! Ọkọ mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo wo ojú rẹ̀, mo rí i nígbà tó yé e. Kò sunkún, kò pariwo, ó kàn gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń wò wọ́n. Títí di òní kò tíì sọ̀ wọ́n kalẹ̀.

Kí lẹ wá ṣe, Bọ̀dá? Kí lẹ ṣe? Ẹ bọ́ sórí pẹpẹ, ẹ ní ọ̀tá ni! Ẹ ní àwọn ará ilé bàbá Láńrewájú ni kò fẹ́ kí ògo ọmọ náà tàn! Háà! Àjẹ́ wo ló ti abúlé wá sí Alessandria, tó mọ ọ̀nà pápá Gualtiero, tó mọ kọ́nà tó burú jù? Àbúrò mi pè mí láti Via Padova ní Milano, ẹni tó wá dirun ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló ń sọ fún un pé àbúrò bàbá Tóbi kan ló jẹ́wọ́ nílé. Pásítọ̀ kan láti Brescia, ẹni tí mi ò mọ̀ rí, pè mí pé kí n gbààwẹ̀. Táyà ni! Táyà ni mo sọ fún gbogbo wọn! Wọ́n ní kí n má sọ̀rọ̀ bí aláìgbàgbọ́.

Ọkọ mi mú irin tó fi ń fa táyà ní Mọ́ńdè, ó lọ síbẹ̀ láti tú ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dì. Gualtiero dá a dúró níbi géètì. Ó ní bí ògiri bá kúrò, kò ní lè ṣe eré, ta ló máa ra òmíràn fún òun? Ẹ gbọ́ o! Nígbà tí a ń gbé e wá, wọ́n gbá wa lẹ́yìn, bravi, bravi. A fẹ́ tú u, ó wá di ohun iyebíye. Ó sì ti ń sọ fún àwọn èèyàn rẹ̀ pé àwọn Áfíríkà ló tò ó, òun kò mọ̀ sí i. Ẹni tó fi ẹsẹ̀ ta á lẹ́ẹ̀mejì!

Ẹ ní ó ti tún un ṣe? Ẹ tún un sọ, mo fẹ́ gbọ́ ọ dáadáa. Ó ti tún un ṣe. Ó dáa. Lánàá mo ti Torino bọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, mi ò yà sílé, mo wọ bọ́ọ̀sì, mo gba pápá lọ, ẹni tó ń gé koríko ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Mo ti ọwọ́ bọ táyà òkè, òfìfo ni, lóòótọ́. Ibi tí ojú ń rí nìyẹn. Mo wá kúnlẹ̀, Bọ̀dá. Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tí mo wọ̀ lọ kí ọmọ mi, mo ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀, níbi tí imú ọkọ̀ máa ń bá. Ó kún. Mo sún síwájú, ó kún. Mo sún síwájú, ó kún. Ibi tó rọrùn ni wọ́n tú, wọ́n kun ọ̀dà tuntun lé e, torí ẹni tó máa fa ìyókù yọ gbọ́dọ̀ ní irin, kó ní agbára, kí wọ́n sì sanwó fún un. Ọ̀dà ló rọrùn jù.

Ọwọ́ mi rèé, ẹ wò ó, rọ́bà ti bó o.

Ẹ tún fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ carabinieri, àwọn ọlọ́pàá. Mo mọ̀ pé ẹ máa sọ ọ́, ẹ ti ń fi í halẹ̀ mọ́ mi láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá pé bí mo bá la ẹnu, Láńrewájú ni wọ́n máa mú, torí ọwọ́ rẹ̀ ló dì í, pé permesso rẹ̀, ìwé ìgbélùú rẹ̀, á bá a lọ. Ìdí nìyí tí mi ò fi tíì lọ. Ẹ mọ ibi tó ń dùn mí, ibẹ̀ lẹ sì ń tẹ̀. Ṣé torí capannone tí a ti ń jọ́sìn ni? Mo mọ̀ pé Gualtiero ló ni ín. Mo mọ̀ pé tó bá bínú, kọ́kọ́rọ́ ló máa gbà. Ṣé torí òrùlé ni a ṣe máa fi ọmọ èèyàn gbá ògiri?

Ẹ tún ní kí n wá ṣe ìdúpẹ́ ní Sunday. Sunday yìí kan náà! Kí n jó láàárọ̀ pé ọmọ mi kò kú, kí wọ́n tún sá eré lọ́sàn-án níwájú ògiri kan náà. Ó mà ga o!

Ẹ gbé ife yẹn kalẹ̀.

Ẹ gbé e kalẹ̀, Bọ̀dá, kó má bọ́ lọ́wọ́ yín. Mo ṣèlérí fún Tóbi pé mi ò ní sọ ọ́. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo fẹ́ sọ ọ́.

Ta lẹ rò pé ó máa wa ọkọ̀ dípò Tóbi ní Sunday?

Divine ni. Divine yín. Mi ò ṣeré. Ẹ̀ ń sọ fún gbogbo ìjọ pé ọmọ yín kì í sinmi, pé yunifásítì ló ń lọ ní gbogbo Sátidé, pé laboratorio ló wà. Laboratorio wo? Gáréèjì ni! Òun àti Tóbi ni wọ́n jọ kọ́ ọkọ̀ kejì, ó ti ń wà á ju ọdún kan lọ, Tóbi fúnra rẹ̀ ní ó sáré ju òun lọ. Wọ́n bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún yín, wọ́n ní ẹ máa lé e jáde nílé. Lánàá ni ọmọ mi dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní: "Mamma, domenica corre Divine al posto mio. Tranquilla, il muro l'hanno sistemato." Ó ní Divine ló máa sá eré dípò òun ní Sunday, kí n fọkàn balẹ̀, wọ́n ti tún ògiri ṣe. Mo ní, ta ló sọ fún ọ? Ó ní ẹ̀yin ni.

Ẹ̀yin ni! Ẹ lọ kí i, ẹ fẹ́ tù ú nínú, ẹ ní kó má ro ọ̀rọ̀ ògiri mọ́, gbogbo rẹ̀ ti dára. Ó sọ fún Divine. Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Nígbà tí mo dìde nínú ẹrẹ̀, Divine ni mo kọ́kọ́ pè. Mo ní, ọmọ mi, má lọ, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì kún. Ó ní, "Zia, l'ha detto papà a Tobi che è a posto." Bàbá òun ló sọ pé ó ti dára. Mo ní bàbá rẹ kò ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó ní bàbá òun kì í parọ́.

Kí ni mo fẹ́ sọ sí ìyẹn? Ẹ bá mi sọ ọ́. Kí lẹ̀ bá fẹ́ kí n sọ fún ọmọ tó ní bàbá òun kì í parọ́?

Ó ti tó, ẹ má pe nọ́ńbà yẹn mọ́, kò ní gbé e. Abẹ́ ọkọ̀ ló wà nísinsìnyí. Ẹ tún ń pè é. Ẹ máa pè é.

Kí lẹ dìde sí? Níbo lẹ̀ ń lọ? Gualtiero lẹ fẹ́ lọ bẹ̀? Ẹ má bẹ̀ ẹ́! Ẹ̀yin lẹ kó wọn jọ ní Sátidé tí wọ́n dì í, ọ̀la Sátidé ni, ẹ pè wọ́n padà. Gbogbo wọn, pẹ̀lú irin, pẹ̀lú orúnkún tí wọ́n fi tì í. Bí Gualtiero bá dúró sí géètì, ẹ̀yin ni kí ẹ wà níwájú, kó wá gba kọ́kọ́rọ́ capannone rẹ̀, a óò gbàdúrà níbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Ẹ̀ ń bọ́ kóòtù? Nísinsìnyí kẹ̀? Ẹ ní kò lè di ọ̀la?

Hẹ̀! Hẹ̀ hẹ̀ hẹ̀! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín, mi ò tíì rẹ́rìn-ín láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Dádì Tóbi! Láńrewájú! Dìde lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, gbé irin tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn wá, wọ bàtà rẹ. Bọ̀dá ní ká lọ tú ògiri. Bẹ́ẹ̀ ni, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́, wò ó, ó ti bọ́ kóòtù. Ọmọ mi kọlù ú, ó fọ́ yángá, Bọ̀dá ní àjẹ́ ni. Ọmọ tiẹ̀ kò tíì débẹ̀, ó ti mọ̀ pé táyà ni.